Omi Àlejò Lórí Àpáta

Ẹ fi Bílíkísù sílẹ̀ o. Ẹ̀rín tí mo fi rín in lánàá ti tó. Ọkọ̀ tó gbé e láti Òṣogbo bàjẹ́ sí Ẹ̀rìn, kò rí ọ̀kadà gùn, ló bá fẹsẹ̀ rìn láti Ẹ̀rìn wá sí Ìlobù níbí. Bó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó ju báàgì sọ́tọ̀, ó ju ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní, "Màmá Àgbà, ẹsẹ̀ mi ti kú." Mo bi í bóyá kí n ránṣẹ́ pe ààfáà kí wọ́n wá kírun sí ẹsẹ̀ náà lára, ká lè tètè sin ín. Ọmọ yìí kò rẹ́rìn-ín rárá.

Mi ò bá a wí. Ẹsẹ̀ tí a kì í lò, bí a bá jí i, ó yẹ kó kùn. Àmọ́ láti Ẹ̀rìn sí Ìlobù! Nígbà tiwa, ẹni tó rin irú ìyẹn kì í sọ pé òun jáde. Ìyàwó ilé lè gbọ́ pé ata pọ̀ ní Ẹ̀rìn, kó lọ, kó bọ̀, kí omi ọbẹ̀ tó hó. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, àmọ́ kò pọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ da ojú fóònù yẹn délẹ̀, ẹni tó ń pè yín kò ní kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹsẹ̀ tiwa fún yín, torí àwa tá a rin ọ̀nà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ku èmi nìkan.

Ẹ mọ̀ pé Ìfọ́n ni wọ́n bí mi sí, Ìlobù ni mo lọ́kọ sí. Ẹ kò ní làágùn tán láàárín ìlú méjèèjì kí ẹ tó dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú mi bọ̀ nílé ọkọ, orin kan ṣoṣo ni àwọn ìyàwó ilé dá, orin ọ̀hún kò tíì dùn délẹ̀ tí a fi wọ ojúde. Mo wá ń dúpẹ́ nínú mi pé ọkọ tí mo fẹ́ kò jìnnà, pé bí ojú ìyá mi bá ń yún mi, màá sáré lọ wò ó. N kò mọ̀ pé ìyá ọkọ tí mo ní, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń gbé.

Ìyá Alóòrí ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n. Alájàpá ni wọ́n. Wọ́n á ra òrí, irú àti iyọ̀ nísàlẹ̀ níbí, wọ́n á rù ú lọ sí àwọn abúlé orí òkè ní ìhà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, níbi tí igi òrí kì í hù sí. Bí wọ́n bá tà á tán, wọ́n á fi ra obì àti epo, wọ́n á rù ú wálé. Ọkọ̀ kò dé ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gan-an kò dé ibẹ̀, bí kò ṣe pé onítọ̀hún fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ rù. Ẹsẹ̀ ni ọkọ̀, orí ni búùtù.

Ìrìn wa nígbà náà kì í ṣe ìrìn kí n sáà ti débẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń rìn ín. A kì í fọwọ́ di ẹrù mú, ẹni tó bá fọwọ́ di ẹrù mú, a mọ̀ pé ìyàwó tuntun ni. Orí ló ń gbẹ́rù, oṣùká ló ń bá orí bẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ṣófo fún iṣẹ́ mìíràn. Òmíràn á máa ran òwú bó ti ń lọ. Òmíràn á máa pa ẹ̀pà jẹ, á sì máa sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ara wa là ń tọ̀, ọ̀nà kò gba ẹni méjì. Ẹ óò gbọ́ wàrà-wàrà ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Bí a bá dé ibi tí ilẹ̀ ti di òkúta, ìró náà á yí padà, gbogbo ènìyàn á sì dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní ká dákẹ́. Ibẹ̀ lẹ óò ti mọ̀ pé òkè ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin kan wà lójú ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹrù orí wa kì í ṣe ohun tí ènìyàn kan lè dá sọ̀, kó tún dá gbé. Nítorí náà, ẹni tí ẹ bá pàdé, ì báà ṣe ẹni tí ẹ kò rí rí, bó bá ní, "Ẹ sọ̀ mí," ẹ óò bá a gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá sọ ènìyàn, òun náà ló gbọ́dọ̀ gbé e rù. Kò gbọdọ̀ lọ. Bí onítọ̀hún bá fẹ́ jẹun, ẹ óò dúró dè é. Bó bá fẹ́ sùn díẹ̀, ẹ óò jókòó tì í. Mo ti jókòó ti bàbá Èkìtì kan rí tó ń han-run, tí oorun náà sì dùn débi pé mo já ewé, mo fi ń lé eṣinṣin kúrò lójú rẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Nígbà tó jí, ó ní kí ẹ̀yìn mi dára. Ẹ wo ẹ̀yìn mi tó jókòó yí mi ká yìí, àdúrà bàbá yẹn gbà.

Lónìí ńkọ́? Ọlọ́kadà á já ẹrù sílẹ̀ fún yín ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ tó wẹ̀yìn ó ti lọ. N kò sọ pé kò dáa o. Orúnkún mi fẹ́ràn ọ̀kadà púpọ̀. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé a kì í mọ ojú ẹni tó gbé wa mọ́.

Ìrìn mi àkọ́kọ́, ẹ má bi mí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Wọ́n gbé igbá òrí rù mí, wọ́n fi ewé bò ó, wọ́n ní bí oòrùn bá ń mú kí n máa rìn lábẹ́ igi. Èmi tí mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo yára, mo gba àárín oko kọjá. Nígbà tó yá, mo ní kí ló ń rìn mí lọ́rùn? Òrí ti yọ́! Ó ń ṣàn gba etí, ó ń gba ọrùn, ó wọ inú bùbá, ó dé ìdí. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn mi kò sọ fún mi, wọ́n ti ń pa ẹ̀rín mọ́ra láti òkèèrè. Ìyá Alóòrí ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó fẹ́ fi ara rẹ̀ dín àkàrà ni." Wọ́n pè mí ní Ìyàwó Òrí-Yọ́ títí tí mo fi bí àkọ́bí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni alẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọ̀fàfà lórí òkè. Ẹ̀yin kò mọ ọ̀fàfà. Ẹran kékeré kan tí kò ju ológbò lọ ni, orí igi ló ń gbé, àmọ́ bó bá han, ẹ óò rò pé wọ́n ń dúḿbú ènìyàn. Mo dì mọ́ ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, tú mi sílẹ̀, ọkọ rẹ kọ́ nìyí." Ohùn ọ̀fàfà, ohùn odó, ohùn omi tó ń kán nínú ihò òkúta: bí mo bá di ojú mi nísinsìnyí, mo ṣì ń gbọ́ wọn. Ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún nígbà mìíràn, kì í sì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́.

Òkè tí mo fẹ́ sọ gan-an wà lẹ́yìn Ìmẹ̀sí. Àwa alájàpá ń pe abúlé náà ní Orí-Àpáta, torí orí àpáta ló wà lóòótọ́. Ẹsẹ̀ àwọn babańlá wọn ti tẹ òkúta títí ó fi di àtẹ̀gùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gùn ún. Bí a bá ti dé ìdí òkè, a ó dúró, a ó ké pe, "Ẹ̀yin ará òkè o! Àlejò ń bọ̀ o!" Ẹ óò gbọ́ lókè lọ́hùn-ún, "Ẹ kú ùrìn o! Ẹ máa gùn ún bọ̀ o!" Ìrìn ni wọ́n ń pè ní ùrìn, ilé ni wọ́n ń pè ní ulé. Ohùn wọn máa ń gòkè bí òkè wọn.

Abúlé náà kò ní omi. Ìsun omi wọn wà nísàlẹ̀ ní ìdí òkè. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn obìnrin ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn ọ́n. Igbá omi kan tí ẹ bá rí nínú ilé wọn, ó ti gun òkè lórí ènìyàn kó tó débẹ̀. Ìdí nìyí tí omi fi jẹ́ nǹkan ńlá lọ́wọ́ wọn. Bí àlejò bá wọlé, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń bù fún un, wọn kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi mu ún. Omi tí wọ́n bá sì ti bù fún àlejò, kì í padà sínú àmù mọ́, wọn kì í sì í dà á nù. Àlejò á mu ún, tàbí kí onílé gbé e lọ́wọ́ títí àlejò á fi mu ún. Ẹni tó bá kọ omi, ó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ní nǹkan lọ́kàn sí onílé nìyẹn. Ẹ̀yin òde òní, ẹ ó na omi inú ọ̀rá sí àlejò, àlejò á ní, "Rárá, mo ní tèmi nínú báàgì." Kò sí ẹni tó máa bínú. Lórí òkè yẹn, ìjà ńlá nìyẹn.

Ilé obìnrin àgbàlagbà kan ni ìyá ọkọ mi ń wọ̀ sí níbẹ̀. Opó ni. Yèyé la ń pè wọ́n. Láti ìgbà tí Ìyá Alóòrí ti wà ní ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ Yèyé, wọ́n sì ti di ọmọ ìyá. Ojúde Yèyé la ti ń tajà. Yèyé ló ń ránṣẹ́ sí àwọn abúlé yòókù pé àwọn olóòrí ti dé. Ẹni tí kò ní onílé lórí òkè, ẹrù rẹ̀ á bá a padà sí Ìlobù.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, orúnkún Ìyá Alóòrí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kí a tó jáde nílé, wọ́n pè mí sí yàrá. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìrìn yìí ni mo fẹ́ fi fà ọ́ lé Yèyé lọ́wọ́. Bí Yèyé bá gbà ọ́, o ti ní ọjà dọjọ́ alẹ́. Bí kò bá gbà ọ́, kí o yáa wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní aró rírẹ." N kò fẹ́ràn aró. Ọ̀nà ni mo fẹ́ràn. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ilé dé ìdí òkè, mò ń gbàdúrà pé kí obìnrin yẹn rí mi kó yọ́nú sí mi.

Ìṣirò wa ni pé a ó ti padà dé ilé kí oṣù ààwẹ̀ tó lé. Àmọ́ òjò rọ̀ lójú ọ̀nà, odò kan kún, a jókòó sí etí rẹ̀ títí ó fi fà. Ibẹ̀ ni oṣù ti lé mọ́ wa lórí. Ní ilé kéwú ní Ìfọ́n, ààfáà wa ti kọ́ wa pé arìnrìn-àjò lè jẹun, kó san ààwẹ̀ rẹ̀ padà bó bá délé. Mo rọra sọ ọ́ fún Ìyá Alóòrí. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, Ọlọ́run kò tíì wá béèrè ààwẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò ní í bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tìrẹ." Ni a bá gba ààwẹ̀, a sì ń rìn.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a gun Orí-Àpáta. Itọ́ kò sí lẹ́nu mi mọ́. Yèyé ti gbọ́ ìpè wa, wọ́n ti dúró ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rín dé etí, wọ́n gbé igbá omi lọ́wọ́. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n nà án sí Ìyá Alóòrí.

Ìyá Alóòrí mi orí. "Yèyé, má bínú. Mi ò lè mu ún. Ààwẹ̀ ni mo gbà."

"Ààwẹ̀ kí ni?"

"A kì í jẹ, a kì í mu, títí oòrùn á fi wọ̀."

"Ta ló ní kí o má mu?"

"Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run wo," ni Yèyé wí, "ló ń bá omi ṣọ̀tá?"

Kò sí ẹlẹ́sìn wa kankan lórí òkè nígbà náà. Ìyá Alóòrí kò sì tíì bá oṣù ààwẹ̀ débẹ̀ rí, torí wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń bọ̀, wọn kò kọ omi Yèyé rí. Mo rí i bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú Yèyé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n ti sọ fún ọ, àbí? Ta lo bá pàdé nísàlẹ̀?"

"Sọ kí ni fún mi?"

Obìnrin kan tó jókòó sí ojúde kejì, tó ń ṣa ẹ̀gúsí, kò gbé orí sókè tó fi ní, "Bí a bá sọ ọ́ wọ́n á ní à ń purọ́. Àlejò náà ti gbọ́."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti hàn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, inú rírun mú àwọn ọmọdé abúlé, méjì kú nínú wọn. Àwọn ọmọ náà ti mu omi nílé Yèyé, torí Yèyé kì í lé ọmọdé. Ni àwọn ará abúlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọwọ́ opó yìí kò mọ́, pé omi ilé rẹ̀ kò ṣeé mu. Kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ lójú Yèyé. Wàyí o, ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́ ti ọ̀nà jíjìn wá, ó kọ omi wọn ní ìṣojú àdúgbò. Bí ilẹ̀ bá ṣú lórí èyí, Yèyé kò ní lè gbé orí òkè náà mọ́. Wọn kì í lé ènìyàn pẹ̀lú igi níbẹ̀. Wọ́n kàn kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ni, kò sì sí ibi tí arúgbó opó fẹ́ gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Yèyé kò sunkún. Wọ́n jókòó sí ẹnu ìloro, wọ́n gbé igbá omi lé itan. Wọ́n ní, "Mo ti bù ú. Màá gbé e lọ́wọ́."

Ìyá Alóòrí náà jókòó sórí ẹrù wọn. "Oòrùn kò ní pẹ́ wọ̀. Màá mu ún nígbà náà."

Oòrùn! Oòrùn wà lágbedeméjì ọ̀run, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Ọ̀kan ní òun wá fọn iná. Ọ̀kan ní òun ń wá adìyẹ. Adìyẹ wo? Gbogbo wọn ń wo igbá yẹn ni.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ìyá ọkọ mi. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí mo bá mu ún, mo ti kọjá àyè mi lójú ìyá ọkọ mi. Ọjà tí wọ́n fẹ́ fún mi ti lọ nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ilé ọkọ náà tẹ̀ lé e. Bí n kò bá mu ún, obìnrin tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni ni wọ́n fẹ́ ba tirẹ̀ jẹ́ lójú mi yìí. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo fa etí aṣọ Ìyá Alóòrí, mo ní, "Ìyá mi, ẹ dákun. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á ti ba orúkọ Yèyé jẹ́ tán."

Wọ́n gbójú sókè wo oòrùn. Mo fi orúnkún wọ́ dé ọ̀dọ̀ Yèyé, mo gba igbá lọ́wọ́ wọn, mo ní, "Bìsímílà," mo sì mu. Omi náà tutù, ó ní òórùn èéfín àmù. Títí mo fi dàgbà báyìí, n kò tíì mu omi tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

N kò lè wẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí orúnkún Ìyá Alóòrí dún kó-kó, wọ́n ti dìde. Mo di ojú mi, mò ń retí ìgbátí. Ọwọ́ wọn ni mo rí níwájú mi.

"Gbé e wá. Ṣé ìwọ nìkan lo fẹ́ mu ún tán ni?"

Wọ́n gbé igbá dé ẹnu, wọ́n sì mu ún pẹ̀lú ariwo, gbìì, gbìì, bí ẹṣin. Wọ́n mu ún dé ìsàlẹ̀. Wọ́n wá da ojú igbá délẹ̀ kí ẹni tó ń wá iná àti ẹni tó ń wá adìyẹ lè rí i pé kò ṣẹ́ ku ẹ̀kán kan. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó dáadáa o. Mo mu ún, kò sì tíì tó mi. Yèyé, bu òmíràn wá." Ìgbà náà ni Yèyé tó sunkún. Olúwa rẹ̀ tó ń wá adìyẹ wá ilé rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a wọ yàrá, Ìyá Alóòrí kọjú sí mi. "Ìyàwó, o bà mí ní ààwẹ̀ jẹ́."

"Ẹ dákun, Ìyá mi."

"Mi ò ní kí o bẹ̀ mí. Mo ní o bà mí ní ààwẹ̀ jẹ́, a ó sì jọ san án ni." Wọ́n wá yíjú sí Yèyé. "Ìyàwó mi rèé. Bí orúnkún mi bá kọ̀, òun ni yóò máa bọ̀. Mo wá fi í hàn ọ́."

Yèyé ní, "Èyí tó mu omi mi kí ìwọ tó mu ún? Ọmọ mi nìyẹn. Ìwọ lo wá ṣe àlejò wa."

Bí mo ṣe gba ọjà nìyẹn. Òun ni mo fi tọ́ bàbá yín àti àwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ dé ìdí òkè, àwọn ará Orí-Àpáta sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti kọ́lé sí etí títì. Bàbá yín wà mí kọjá níbẹ̀ nígbà kan, mo ní kó dúró, kó tó dúró a ti kọjá rẹ̀. Mo rí àpáta náà nínú fèrèsé. Igbó ti bo orí rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa dáhùn bí a bá ké pè é. Ọ̀nà ọkọ̀ dára, ó ń gbé aláìsàn dé ọsibítù. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó bàjẹ́. Síbẹ̀, ó dùn mí.

N kò tíì sọ bí a ṣe san ààwẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, Ìyá Alóòrí ní àwọn kò ní san án ní Ìlobù. "Ibi tó ti fọ́ ni màá ti tò ó." Ààfáà ní kò pọn dandan. Wọ́n ní kí ààfáà jókòó jẹ́ẹ́. A di ẹrù, a gun òkè, a mu omi lọ́jọ́ tí a dé, a sọ fún Yèyé pé ọ̀la la fẹ́ gba ààwẹ̀, pé a ó jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí Yèyé ṣe? Iyán! Wọ́n dìde ní ìdájí, wọ́n ń gún iyán, gbì, gbì, gbogbo abúlé jí, wọ́n ń béèrè ẹni tó kú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jẹ ẹ́ tán, a sì mu omi lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́, Yèyé ní àwọn kò ní fi ọ̀rọ̀ oòrùn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, pé ààwẹ̀ ọ̀rẹ́ àwọn kò gbọdọ̀ fọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gun òkúta tó ga jù lẹ́yìn ilé, arúgbó tí wọ́n jẹ́, wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Àwọn ará àdúgbò péjọ, obìnrin ẹlẹ́gúsí náà wà níbẹ̀, ó ti gbé igbá omi dání fún wa láti ilé ara rẹ̀. Wọ́n ń ké sókè, "Yèyé, ó ti wọ̀?" Yèyé á ní, "Ó kù!" Wọ́n á tún ké, "Ó ti wọ̀?" "Ó kù díẹ̀!" Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, èmi tí òǹgbẹ ń gbẹ náà ń rẹ́rìn-ín. Lójijì Yèyé pariwo, "Ó ti lọ o!" wọ́n sì sáré sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọge.

Yèyé bu omi tiwọn, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n nà án. Ìyá Alóòrí mu díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ojú Yèyé. Wọ́n na igbá padà.

"Gbà, mu."

"Mu tìrẹ tán ná."

"Yèyé, ètè rẹ ti bó. Ìgbà wo lo mu omi kẹ́yìn?"

Yèyé wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ní ìdájí, ìgbà tí ìwọ mu tìrẹ kẹ́yìn."